Ibi Tí Japheth Ti Ń Dákẹ́ Nínú Orin

Bí ẹ bá dé Òjówó ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ béèrè Japheth oníjìtá, wọn ò ní kọ́kọ́ nawọ́ sí ilé rẹ̀ fún yín. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti gbọ́ ibi tó ti ń dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ohun tí àwọn olórin yòókù kọ lẹ́nu ló sọ wọ́n di olókìkí. Ti Japheth, ibi tí kò ti kọ nǹkan kan ló sọ ọ́ di ẹni à ń wá. Ayé yìí mà kúkú ní ẹ̀rín nínú.

Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi okùn wọn ilẹ̀ yunifásítì ní Ago-Ìwòyè ló ti wà níbẹ̀, òun ló sì kan púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàn kí wọ́n tó wọlé bá olùkọ́ wọn. Tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á wọkọ̀ padà sí Òjówó, á wẹ̀, á jẹun, á gbé jìtá jáde síwájú ilé. Orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni yóò máa kọ: orin oko kòkó, orin ibi ìlagi, orin òjò tó gé ọ̀nà mọ́ àwọn ará abúlé. Kò sí ariwo nínú rẹ̀, kì í sì í ki olówó kankan. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi ń kọ ọ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ nídìí àdògán.

Èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ ni orin ilẹ̀kùn. Ká tó gbé e kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká yọ Ìjẹ̀bú inú rẹ̀ kúrò díẹ̀, kí ará Ìbàdàn má baà rò pé à ń bú òun:

Obì tí mo bó, mo fewé bò ó,
Ilé tí mo kọ́, ó ń wojú ọ̀nà.
Bí mo bá toko dé tòun tẹrù lórí,
Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi?

Ibẹ̀ ló ti ń dákẹ́. Kò ní kọrin, kò ní ta okùn jìtá, á kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Á tó ìgbà téèyàn mu ife omi kan tán. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mú ẹsẹ̀ kejì, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Dókítà Ọláwálé ló tú àṣírí ibẹ̀ fún aráyé, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé òun ló rò pé òun tú u. Olùkọ́ Yorùbá ni ní yunifásítì, ó sì ní ètò kan lórí rédíò ní àràárọ̀ Sátidé tó fi ń gbé orin ìbílẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Olórin tó bá tọ́ ọ wò láàárọ̀ Sátidé, kò ní jáde nílé títí di ọ̀sán Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì Japheth, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà sílẹ̀, lé e lọ́wọ́, ọkùnrin náà yí padà. Gbogbo ètò ọjọ́ náà ló fi sọ̀rọ̀ orin kan ṣoṣo. Ó ní jìtá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó ń toko bọ̀ tí kò kánjú. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan nínú rẹ̀, obì, ewé, ẹrù àti ilẹ̀kùn lásán ni, síbẹ̀ ó ká òun mọ́lé. Nígbà tó kan ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

"Akọrin tó mọ ọ̀rọ̀ í tò pọ̀," ló wí. "Ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó ti dúró ló wọ́n. Japheth béèrè, ó sì dákẹ́, torí ó ti mọ̀ pé ìdáhùn kò sí."

Japheth ń fá pákó lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé, ó gbé rédíò sórí àpótí. Inú rẹ̀ ń dùn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ẹni tó ti ń kọrin fún ewúrẹ́ àti aládùúgbò, tí ọ̀mọ̀wé wá ń yìn ín létí gbogbo ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gún un. Ìdáhùn kò sí, kẹ̀? Ta ló sọ fún un? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an ni Japheth ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, bóyá ìdáhùn wà tàbí kò sí, kò sì tíì rí ẹni bi.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn kó lè yé yín. Nígbà tí Japheth ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìyá oníṣòwò obì kan wà ní ilé kejì sí tiwọn. Lẹ́yìn ilé ìyá yìí, lábẹ́ àtíbàbà, ni àwọn obìnrin máa ń pagbo sí tí wọ́n á máa bó gbànja. Wọ́n á ti rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n tí wọ́n ti tẹ́ ewé gbòdògì sí. Iṣẹ́ àjókòó ni, orin ló sì ń jẹ́ kó yá. Asimawu, ọmọ ìyá náà, ló ń gba ègbè. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Abẹ́ orin ló ń gbà, tí orin á fi rí ibi fẹ̀yìn tì.

Kí ni káfíńtà ń wá láàárín àwọn abóbì? Àpótí ìjókòó kan tó ń mì ló ní òun wá tún ṣe. Àpótí ọ̀hún ò jinná títí oṣù fi wọ oṣù. Àwọn ìyá náà mọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n ní ẹsẹ̀ àpótí náà ti tó ogún. Nígbà tó yá, ó kúkú gbé jìtá wá. Òun á lé, Asimawu á gbè, àwọn yòókù á máa bó obì.

Ibẹ̀ ló ti ṣe orin ilẹ̀kùn. Ó ṣe ìbéèrè, ó fi àyè ìdáhùn sílẹ̀, kò sì sọ ohun tí ìdáhùn yóò jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí Asimawu fúnra rẹ̀ rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló kọ ọ́, níwájú gbogbo wọn. Ọmọ ọdún mélòó lèèyàn máa jẹ́ tí kò ní mọ ohun tí orin náà ń wí? Àwọn obìnrin náà dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín kan bọ́ lẹ́nu ẹnìkan, wọ́n fi ìgúnpá gbún un. Japheth kọ ọ́ dé "Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi?", ó gbọ́wọ́ lé okùn jìtá, ó dúró.

Asimawu ń wo obì ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Japheth dúró títí ojú fi ń tì í. Ó wá mú ẹsẹ̀ kejì, ó fìkanra kọ ọ́ tán, ó gbé jìtá, ó lọ sílé.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ọkùnrin kì í kọnu sí ọmọ ilé ire lónìí kó gbọ́ "ó dáa" lónìí. Ọmọ náà á dákẹ́. Ọkùnrin á lọ, á bọ̀, á rán ọ̀rẹ́, á rán ẹ̀gbọ́n, bàtà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ tó ṣíhùn. Ìṣíhùn là ń pè é, ọkùnrin sì ń fi ẹ̀bùn mọ rírì rẹ̀. Japheth mọ èyí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n olórin ni. Nínú orin, bí ẹni tó ń lé bá ti dákẹ́, kíá ni ègbè ń gbà á. Ègbè tí kò bá gbà á, ó ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Òfin orin ni òmùgọ̀ ọmọkùnrin yìí fi wo ọmọbìnrin tó ń pa àṣà ilé mọ́.

Tàbí kí ó má jẹ́ òmùgọ̀. Bóyá kíkọ̀ ni Asimawu kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ohun tó ń jẹ Japheth nínú nìyẹn, torí kò padà lọ bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ìtìjú gbé e lọ sí Ago-Ìwòyè níbi tí wọ́n ti ń wá káfíńtà, ibẹ̀ ló sì ń sùn nígbà náà. Nígbà tó máa fi wálé ṣọdún Kérésì, wọ́n ti mú Asimawu relé ọkọ ní Abigi, létí omi lọ́hùn-ún, fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fàsásì, ọlọ́kọ̀ ojú omi.

Kíkẹ́lọmọ, ẹ̀gbọ́n Japheth, ni kò jẹ́ kí ọgbẹ́ náà jinná. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní lẹ́yìn tí Japheth lọ, òun rí i tí Asimawu gbé àpótí rẹ̀ yí padà lábẹ́ àtíbàbà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló ń kọ sí ọ̀nà. Ó wá ń kọjú sí i. Japheth bi í pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó lè jẹ́ pé ó ń retí ẹnìkan, ó sì lè jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń wá. Ẹ wo irú ìdáhùn tí wọ́n fún ẹni tí oorun kò kùn!

Ẹ má pè é ní àpọ́n o. Ó fẹ́ Abímbọ́lá, obìnrin rere, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà wà l'Ékòó báyìí, Abímbọ́lá sì ti lọ sinmi. Obìnrin náà fẹ́ràn gbogbo orin ọkọ rẹ̀ àfi ọ̀kan. Bí Japheth bá ti ń sún mọ́ ibi ilẹ̀kùn, Abímbọ́lá á rántí pé omi ń bẹ tí òun fẹ́ pọn lẹ́yìnkùlé. Kò fi ẹnu sọ nǹkan kan rí. Ó dun Japheth títí dòní pé òun kò yọ orin náà kúrò nítorí rẹ̀.

Kò lè yọ ọ́ ni. Àyè Asimawu ni. Bó bá kọjá ibẹ̀ láìdúró, á dà bíi pé ó ti gbà pé kò ní dáhùn mọ́ láéláé.

Lẹ́yìn tí Dókítà sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọ̀rọ̀ di ńlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ wá sí Òjówó lórí ọ̀kadà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì kò rí kásẹ́ẹ̀tì tó tó tà. Ibikíbi tó bá ti kọrin, bó bá ti ku díẹ̀ kó dé ibẹ̀, àwọn èèyàn á ti máa wo ara wọn, wọ́n á máa fìka lé ètè. Ìyá kan fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ní Ọ̀rù torí ọmọ náà húkọ́. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ti parí, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "olóye ni bàbá yìí." Olóye á wá tẹríba fún wọn. Kí ni kó sọ? Ṣé kó ní àyè ègbè ni ibẹ̀, ẹni tó ni ègbè ló lọ sílé ọkọ?

Ìgbà náà ni ilé ìwé gírámà kan ní Abigi fẹ́ ṣe ọdún ìrántí ìdásílẹ̀ wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Japheth. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ìlú, ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò lọ. Ó tún ní òun á lọ. Kíkẹ́lọmọ ní bó bá lọ, kí ló fẹ́ gbà bọ̀, ṣé ó fẹ́ gba ìyàwó oníyàwó ni? Japheth ní rárá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bó jẹ́ kíkọ̀ ló kọ òun, kí òun mọ̀ pé kíkọ̀ ni, kí òun yéé fi etí sílẹ̀.

Ó wọkọ̀ gba ọ̀nà Ìbíadé. Bí ilẹ̀ ṣe ń tẹ́, tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí omi ń yọjú láàárín ewé, bẹ́ẹ̀ ni ó ń béèrè iye ìlú tó kù lọ́wọ́ awakọ̀. Ó di jìtá mú lórí itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé rẹ̀ ní ọgbà ilé ìwé náà ni ọkùnrin sángílítí kan tó ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. Fàsásì ni. Ẹ gbọ́ ná: Fàsásì fẹ́ràn orin yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo Abigi. Òun gan-an ló ní kí wọ́n pe Japheth. Ó ní òun máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ọkọ̀ bí òun bá ń tukọ̀ lórí ọ̀sà, àwọn èrò ọkọ̀ á sì dákẹ́ bí Dókítà ṣe wí. Japheth fẹ́ kórìíra ọkùnrin náà, kò rí i ṣe. Fàsásì wá fa obìnrin kan jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ará yín rèé o, Ìyá Mùbàṣírù, ọmọ Òjówó!"

Asimawu ni. Ó ti sanra díẹ̀, gèlè funfun ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìka rẹ̀ ṣì pọ́n fún obì bíbó. Obì ló ṣì ń tà. Ó yíkàá díẹ̀, ó kí Japheth kú ọ̀nà, ó béèrè Kíkẹ́lọmọ, ó béèrè àwọn ọmọ, ó sì bá a kẹ́dùn Abímbọ́lá. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Japheth dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ ní kóòtù. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ níwájú ọkọ tó ń rẹ́rìn-ín?

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n pè é jáde. Ó kọ orin oko, ó kọ orin òjò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ta okùn àkọ́kọ́ nínú orin ilẹ̀kùn, gbogbo ibẹ̀ hó, wọ́n sì tún dákẹ́ wọ̀ọ̀. Fàsásì àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú. Japheth kò wo obìnrin náà. Okùn jìtá ló ń wò. Obì tí mo bó. Ilé tí mo kọ́. Ẹrù lórí. Ó dé ibẹ̀, ó béèrè, ó gbọ́wọ́ lé okùn, ó dúró.

Ohùn kan dìde, jẹ́jẹ́, láti abẹ́: "Mo ti ṣ..."

"Ìyá Mùbàṣírù, dákẹ́ ná," ni Fàsásì wí, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ibẹ̀ ló dùn jù."

Àwọn tó jókòó lẹ́yìn náà ní kó panu mọ́. Olùkọ́ kan yíjú, ó fìka lé ètè. Asimawu pa ẹnu dé, ó wojúlẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn lábẹ́ àtíbàbà.

Ẹ wò ó, ó yẹ kí Japheth mú ẹsẹ̀ kejì. Bó ṣe ń ṣe é láti ogún ọdún ó lé nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n inú bí i. Ó bí i sí Dókítà, ó bí i sí gbogbo àwọn tó ń yìn ín, tí wọ́n ti yin ilẹ̀kùn náà títí ó fi tì mọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún lójú. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí jìtá. Kò sí ẹni tó rí i kó gé orin rí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ègbè ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá mi gbè é."

Ó tún un lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Asimawu ló ń wò. Ó béèrè, ó sì dúró. Obìnrin náà yíjú wo ọkọ rẹ̀. Fàsásì, ọmọ olóore, ní kó kọ ọ́, àbí wọn kì í kọrin lábẹ́ àtíbàbà ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Asimawu wá gbé orí sókè, ó kọjú sí Japheth, ó ṣíhùn:

"Mo ti ṣí i tipẹ́tipẹ́, ìwọ ni ò wọlé."

Ó bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n wọ̀n dáadáa. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìyàwó Fàsásì mà lóhùn o. Fàsásì dìde, ó ń yí wò káàkiri kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé aya òun ni. Japheth kọ ẹsẹ̀ kejì, kò mọ bó ṣe kọ ọ́. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun pé wọn ò kọ òun, ó sì dùn ún dé ibì kan náà. Obìnrin náà ti ń retí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kó padà gbé.

Wọn ò tún bára wọn sọ̀rọ̀. Fàsásì di ẹja gbígbẹ sínú páálí fún un, ó sì sìn ín dé ibùdókọ̀. Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n kọjá Ìbíadé, Japheth sunkún. Ẹni tó jókòó tì í bi í bóyá ó ṣọ̀fọ̀ ni. Ó ní rárá.

Láti ọjọ́ náà, kì í dákẹ́ níbẹ̀ mọ́. Bó bá ti béèrè tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ohùn rírẹlẹ̀ dá ara rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Asimawu. Àwọn èèyàn kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ogbó ti ń dé sí i. Nígbà tó yá, Dókítà Ọláwálé náà gbé e jáde láàárọ̀ Sátidé kan, tìbànújẹ́tìbànújẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní orin tó dára jù ní agbègbè yìí ti bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, torí ó lọ kó ìdáhùn sí ibi tí kò yẹ kí ìdáhùn wà.

Kíkẹ́lọmọ gbaná jẹ. Ó ní kí Japheth lọ bá ọkùnrin náà ní Ago-Ìwòyè kó sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan. Japheth ń fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ àga kan lọ́wọ́. Ó ní Dókítà mọ nǹkan, orin náà dùn ju báyìí lọ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, òun náà fetí ara òun gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bó bá mọ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò padà sí bó ṣe ń kọ ọ́?

Japheth di àga náà mú títí gúlúù fi mú.

"Bí mo bá tún dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "á dà bíi pé kò dá mi lóhùn."